Ṣé Kí N Pààrọ̀ Pickup Jìtá Olówó Pọ́ọ́kú Mi? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Jìtá oníná olówó pọ́ọ́kú ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ṣì ń gbé lọ sóde àríyá àti sí ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní: Squier, Yamaha Pacifica, Ibanez Gio, àtàwọn tó ti Ṣáínà wá tí kò lórúkọ. Bí ohùn rẹ̀ kò bá ti tẹ́ni lọ́rùn, pickup ni gbogbo ẹnu máa ń dá lẹ́bi. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Púpọ̀ nínú owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí pickup, àìsàn tí kò sí lára pickup ni wọ́n fi ń tọ́jú. Àmọ́ ìgbà wà tó tọ́ kéèyàn pààrọ̀ rẹ̀, n ó sì sọ ìgbà náà.

Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ pickup?

Òòfà ni, tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wáyà tó wọ́pọ̀ jù kò nípọn ju 0.063 mm lọ, single-coil (pickup tó ní ìwémọ́ kan ṣoṣo) ti jìtá Stratocaster sì máa ń gba nǹkan bí 8,000 ìwémọ́. Irin ni okùn jìtá oníná. Bó bá ń gbọ̀n lókè òòfà yẹn, iná kékeré á dìde nínú wáyà, á gba bọ́tìnì volume àti tone kọjá, á sì dé inú amp.

Pickup kì í dá ohùn sílẹ̀. Ohun tí okùn bá ṣe ló ń sọ. Tí okùn bá ti gbó, tàbí tí nut, ìyẹn ojú kékeré tí okùn ń gbà kọjá lórí ọrùn jìtá, bá ń há a mọ́, pickup tuntun tó dáa á kàn sọ àbùkù yẹn síta ketekete ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ irú èyí tó wà nínú jìtá mi?

Ẹ tú u kí ẹ yí i dojú bolẹ̀. Bó bá jẹ́ single-coil tí ẹ rí òòfà dúdú pẹlẹbẹ kan tàbí méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ceramic nìyẹn. Bí ìdí àwọn ọ̀pá mẹ́fà bá yọ síta tí kò sí òòfà kankan lábẹ́ wọn, alnico ni, àwọn ọ̀pá yẹn gan-an ni òòfà. Squier Sonic àti Affinity ń lo ceramic. Squier Classic Vibe ń lo alnico, Yamaha Pacifica 112V náà sì ń lo alnico V. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí, kó rò ó dáadáa kó tó náwó, nítorí irú èyí tó fẹ́ lọ rà lè ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní ceramic kò dáa. Ṣé lóòótọ́ ni?

Rárá o. Ní 1972, ilé iṣẹ́ DiMarzio gbé pickup Super Distortion jáde. Òun ni wọ́n sábà máa ń pè ní pickup àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe tà fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ èyí tó bá jìtá wọn wá, ceramic sì ni òòfà inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wé e, bí okùn ṣe jìnnà sí i tó, àti ibi tí wọ́n ki jìtá bọ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì. Lóòótọ́, single-coil ceramic olówó pọ́ọ́kú máa ń le létí díẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ sì máa ń gún, àmọ́ yíyí tone padà díẹ̀ máa ń tán an.

Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Okùn ni. Níbi tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, òógùn ọwọ́ máa ń jẹ okùn kíákíá. Okùn tó ti dípẹtà kò lè dún gooro láé, ì báà jẹ́ pickup ọba ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má fi tuntun mẹ́ta sáàárín ògbólógbòó mẹ́ta.

Lẹ́yìn okùn, ẹ wo bí pickup ṣe ga tó. Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí pé kò gba kọ́bọ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń yí padà ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Sukúrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pickup lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret (irin tó dábùú ọrùn) tó kẹ́yìn pátápátá, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín abẹ́ okùn náà àti orí òòfà. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún okùn tó tínrín jù náà. Fún single-coil onírú ti àtijọ́, ìwọ̀n tí Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Stratocaster, fi sílẹ̀ ni 2.4 mm lápá okùn tó nípọn, 2 mm lápá èyí tó tínrín. Fún humbucker, ìyẹn pickup oníwémọ́ méjì, 1.6 mm ni lápá méjèèjì. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá máa yí sukúrù ní ìlàjì ìlàjì, kí ẹ máa ta orin kan náà, láìfi distortion (ohùn tó ń ya) sí i, kí ẹ sì máa gbọ́ ohun tó ń yí padà.

Bí òòfà bá sún mọ́ okùn jù, ohùn á pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òòfà á máa fa okùn. Ẹ ó gbọ́ ọ lórí okùn tó nípọn, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lókè lọ́hùn-ún, ibi fret kejìlá síwájú: ohùn kan á dà bíi méjì tí kò bára mu, á máa mì, kò sì ní pẹ́ tí á fi kú. Ọ̀pọ̀ ti gbé irú jìtá bẹ́ẹ̀ lọ fún oníṣẹ́ pé kò wọ tune. Ẹ rẹ pickup náà sílẹ̀, á sì dákẹ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ọrùn ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀ jù, torí okùn máa ń gbọ̀n fẹ̀ níbẹ̀ ju ọ̀dọ̀ bridge, ibi tí ìdí okùn so mọ́ lára igi, lọ. Bí méjèèjì bá ga dọ́gba, ti ọrùn á bo ti bridge mọ́lẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ti bridge ni kò dáa.

Ìkẹta ni amp. Ẹ yá amp tó dáa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, tàbí kí ẹ gbé jìtá yín lọ sí ilé ìtajà kí ẹ ki í bọ amp kan níbẹ̀. Bí ohùn bá dùn, a jẹ́ pé sípíkà kékeré tó wà nílé yín ló ń tàn yín. Owó pickup, ẹ fi kún owó amp.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú mixer ni mo ń ki jìtá bọ̀ tààrà, ohùn rẹ̀ sì bò mọ́lẹ̀. Ṣé pickup tó lágbára á tán an?

Kò ní tán an o. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ka èyí dáadáa, torí pé níbí ni owó ti ń ṣòfò jù.

Iná tó ń jáde látinú pickup tí kò lo bátìrì kò lágbára rárá. Ibi tí kò ní fà á ló yẹ kó bọ́ sí. Ojú amp jìtá máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ohm, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ pickup. Ojú line lára mixer sábà máa ń jẹ́ 10,000 sí 20,000, ti máìkì kò sì ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Bí pickup bá bọ́ sí ibi tó kéré tó báyìí, agbára rẹ̀ á wọmi, ohùn òkè ló sì kọ́kọ́ ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀. Pickup olówó gọbọi náà á dún bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

DI box tó ń lo iná, àpótí kékeré tó ń gba ohùn jìtá láìfà á, ló yẹ kó wà láàárín jìtá àti mixer. Bí kò bá sí, multi-effects (pedal kan tó ní oríṣiríṣi ohùn nínú) á ṣe é, pedal tó ní buffer, tí òun náà kì í fa pickup, á ṣe é. Bí ẹ bá rí ojú kan lára mixer tí wọ́n kọ Hi-Z sí, ibẹ̀ ni ti jìtá. Multi-effects tiẹ̀ lérè ju ìyẹn lọ, torí ó lè ṣe bíi sípíkà amp, tó máa ń gé ohùn òkè tó ń gún létí kúrò, nígbà tí sípíkà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Tí ìjọ bá bi yín léèrè ohun tí wọ́n lè rà fún ẹ̀ka orin, ohun tí ẹ máa dárúkọ nìyẹn.

Jìtá mi ń kùn hùùù. Ṣé pickup tuntun á pa á?

Ó lè pa á, ó sì lè má pa á. Single-coil ń gbọ́ iná ilé tó wà láyìíká rẹ̀, tiwa ní Nàìjíríà sì jẹ́ 50 Hz. Nítorí ìkùn yẹn ni Seth Lover ṣe ṣe humbucker fún Gibson. Wọ́n fìwé béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1955, wọ́n sì rí i gbà ní 1959. Ìwémọ́ méjì ni, ọ̀kan yí sọ́tùn-ún, èkejì yí sósì, òòfà ọ̀kan sì kọjú sí òdìkejì ti èkejì. Ìkùn tó wọ inú ọ̀kan á pa ti èkejì, àmọ́ ohùn okùn á para pọ̀ di ńlá. Nítorí náà, humbucker máa ń pa ìkùn iná.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán nǹkan díẹ̀ wò. Ẹ yọ jìtá kúrò lára amp. Tó bá ṣì ń kùn, ọ̀rọ̀ amp tàbí ti iná nìyẹn. Ẹ dojú jìtá kọ ibòmíràn, kúrò lọ́dọ̀ ṣájà, gílóòbù onígbọọrọ àti inverter. Ẹ tún gbọ́ bó ṣe rí lórí iná NEPA àti lórí jẹnẹrétọ̀. Lórí Stratocaster, ẹ sún switch sí ipò kejì àti ìkẹrin: bí ìkùn bá rọlẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé pickup àárín yín ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ìkùn. Tí ariwo náà bá dín kù nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, kì í ṣe pé jìtá bàjẹ́, ariwo àyíká ló ń wọlé. Bébà bàbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú ihò jìtá á dín ariwo wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yẹn kù, ó sì rọrùn ju pickup lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé ni socket rẹ̀ ní ojú mẹ́ta tí wáyà earth kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Bí okùn jìtá bá ń gbé yín lọ́wọ́, tàbí tí máìkì ń ta yín lẹ́nu, ẹ pa gbogbo iná lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí oníṣẹ́ iná á fi dé. Iná bẹ́ẹ̀ ń pààyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà tó lọ sídìí bridge, kí ẹ má sì kán ẹsẹ̀ earth lára plug torí kí ìkùn lè dákẹ́.

Tí mo bá gbé volume sókè, ó máa ń han, á máa ké fúnra rẹ̀.

Ẹ fi èékánná kan orí pickup. Bí amp bá gbé ìró èékánná yín jáde bíi ti máìkì, wáyà inú rẹ̀ ti tú díẹ̀, ó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ìda ni àwọn tó ń ṣe pickup máa ń ri í sí kí wáyà lè dì, àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kò sì rí ìda tó. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè tún un rì. Ẹ má dán an wò lórí sítóòfù nílé, torí ìda ń gbiná, ike ìdí pickup sì máa ń yọ́. Èyí ni àbùkù tó jẹ́ ti pickup gan-an. Bó bá ń han lóde eré, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Máìkì tí wọ́n so mọ́ ara igi jìtá ni Àyìndé Bákàrè fi bẹ̀rẹ̀ ní 1949, òun sì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ mú jìtá tó ń gba amp wọ inú jùjú. Gbogbo ohun tó bá kan igi ni irú máìkì yẹn máa ń gbé jáde. Pickup tó dáa kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan kò dún mọ́. Ṣé ó ti kú?

Ẹ má tíì tú u. Ẹ ki wáyà bọ jìtá, ẹ ṣí volume àti tone tán, kí ẹ fi míta (multimeter) kan orí àti ìdí ẹnu wáyà lápá kejì. Single-coil máa ń ka nǹkan bí 5 sí 7 kiloohm, humbucker bí 7 sí 9, àwọn alágbára á tó 12 sí 16. Bí pickup yòókù bá ka iye tó dáa, tí ẹ sì sún switch sí èyí tí kò dún tí míta wá fò lọ sókè réré, tó ń ka bíi 200 tàbí 500, wáyà ti já níbì kan. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí ló ṣí, ó sì lè jẹ́ switch ló dọ̀tí. Ẹ yẹ méjèèjì wò kí ẹ tó sọ pé inú ìwémọ́ ni.

Ṣé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù lórí míta ló dáa jù?

Rárá. Ohùn rẹ̀ lè pọ̀ jù, àmọ́ ohùn òkè rẹ̀ sábà máa ń dín kù. Wáyà tó tínrín jù náà ń gbé nọ́ńbà yẹn sókè láìfi nǹkan kan kún agbára rẹ̀.

Ìgbà wo ló wá tọ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Nígbà tó bá kú, tàbí tó ń han tí ìda kò sì ràn án. Nígbà tí irú ohùn tí ẹ ń wá kò bá sí nínú ìdílé èyí tó wà níbẹ̀: ẹni tó fẹ́ ohùn tó ki tó sì ń bú fún orin ìyìn, single-coil kò ní fún un láéláé bó ti wù kó yí i tó. Ìgbà kan tún wà tí mo máa ń fara mọ́ tọkàntọkàn. Ọrùn jìtá náà bá yín lọ́wọ́ mu, ó ń dúró ní tune, fret rẹ̀ tẹ́jú, ẹ ti ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù tí kò tíì dá yín lọ́rùn. Irú jìtá bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń náwó sí, ohun yòówù kí orúkọ ara rẹ̀ jẹ́.

Bí kì í bá dúró ní tune, tàbí tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́, ẹ fi owó yẹn sílẹ̀ fún jìtá mìíràn.

Jùjú àti highlife ni mo ń ta. Irú wo ni kí n rà?

Bóyá kí ẹ má rà rárá. Ẹ tẹ́tí sí ẹgbẹ́ King Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey: jìtá kì í dá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń dá ara wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Àyè tí jìtá kọ̀ọ̀kan ní kò tóbi. Ohùn tó tínrín, tó mọ́, tó tètè dún tó sì tètè kúrò lójú ọ̀nà, òun ló ń jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ọmọ ìka ń ṣe. Single-coil inú Squier, bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, sún mọ́ ohùn yìí ju humbucker alágbára lọ. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, single-coil alnico V tí kò le jù, bíi 6 kiloohm, ni kí ẹ wá.

Ṣé ó bójú mu kí owó pickup tó owó jìtá?

Ní Amẹ́ríkà, pickup kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ Seymour Duncan tàbí DiMarzio lè tó nǹkan bí 80 sí 130 dọ́là. Mẹ́ta fún Stratocaster ti tó owó Squier Sonic tuntun kan tàbí kó jù ú lọ, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Lójú tèmi, ẹ má ra mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ ti bridge nìkan, torí òun ló sábà máa ń dunni jù.

Tòkunbọ̀ náà dáa, pickup kì í gbó bíi táyà. Ẹ kàn mú míta dání lọ. Ayédèrú pọ̀ lára àwọn tó lórúkọ, torí náà, bí owó rẹ̀ bá kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé èyí tí mo bá rà á wọ inú jìtá mi?

Ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ wọn láti àárín ọ̀pá àkọ́kọ́ sí àárín ìkẹfà, kí ẹ sì wọn bí ihò inú igi ṣe jìn tó, torí ara àwọn jìtá olówó pọ́ọ́kú kan tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ humbucker lẹ fẹ́ fi sí ojú single-coil, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ igi yín. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n single-coil, bíi Hot Rails ti Seymour Duncan, wọ́n sì ń wọlé wẹ́kú.

Pot, ìyẹn ohun tó wà nídìí bọ́tìnì volume àti tone, náà ń kó ipa. Single-coil ń fẹ́ 250k (250 kiloohm), humbucker ń fẹ́ 500k. Bí ẹ bá fi humbucker sórí 250k, ohùn òkè rẹ̀ á dín.

Ṣé oníṣẹ́ rédíò àdúgbò wa lè jó o?

Ó lè ṣe é dáadáa, ó kàn yẹ kí ẹ dúró tì í. Ẹ ya fọ́tò wáyà inú rẹ̀ kí ó tó tú ohunkóhun. Àwọ̀ wáyà kì í jọra láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyẹn. Lórí humbucker Seymour Duncan oníwáyà mẹ́rin, dúdú ló gbé ohùn, àwọ̀ ewé àti èyí tó wà níhòòhò lọ sí earth, pupa àti funfun á so pọ̀. Lórí DiMarzio, pupa ló gbé ohùn, àwọ̀ ewé àti èyí tó wà níhòòhò lọ sí earth, dúdú àti funfun ló ń so pọ̀. Kí irin ìjólẹ́ẹ̀dì gbóná dáadáa, kó sì má pẹ́ lórí pot. Kí wọ́n tó dé e padà, ẹ ki í bọ amp, kí ẹ fi sukudíráfà kan orí pickup kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ láti gbọ́ pé ó wà láàyè.

Ó ń dún, àmọ́ bí méjì bá para pọ̀ ohùn wọn ń tínrín, ó dà bíi pé inú rẹ̀ ṣófo.

Wọ́n ń ta ko ara wọn ni. Ẹ pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, á sì bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n tí pickup náà bá ní ìdérí irin, ẹ má kàn yí i bẹ́ẹ̀, torí ìdérí á di ibi tí ohùn ń gbà kọjá, ariwo á sì pọ̀ sí i. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya wáyà ìdérí sọ́tọ̀, kó so ó mọ́ earth.

Kí ni kí n ṣe sí àwọn tí mo yọ?

Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá pẹ̀lú sukúrù àti sípíríǹgì wọn, kí ẹ kọ ti ọrùn, ti àárín àti ti bridge sí wọn lára. Pickup tuntun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún owó tí wọ́n á fi ra jìtá olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹ dá èyí tó bá a wá padà, kí ẹ sì gbé èyí tí ẹ rà lọ sínú jìtá tó kàn.